Bẹ́líìtì Ẹsẹ̀ Kọ̀ǹkọ̀

Yìnyín ti bo àgbàlá ilé wa ní Ìgbájọ. Ó ga dé ojú fèrèsé yàrá ìyá mi, ó sì jókòó sórí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata bí ẹni pé wọ́n dé fìlà fún un. Lórí igi máńgòrò, ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ funfun yẹn. Adìyẹ kan ń rìn kiri lójú yìnyín, kò rì. Ẹsẹ̀ lásán ni mo wà, bẹ́ẹ̀ òtútù kò mú mi rárá. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀ pé àlá ni, nítorí láti ìgbà tí mo ti dé òkè Kánádà, n kò tí ì rí yìnyín tí kì í buni jẹ.

Kọ̀ǹkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kọ̀ǹkọ̀ ni ọkọ̀ ibi iṣẹ́ wa, ọkọ̀ kúkúrú onítáyà mẹ́jọ tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, tó ń gun àpáta, tó sì ń lúwẹ̀ẹ́ bó bá dójú omi. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Gbádégẹṣin, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òun náà ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí òtútù pa á ló wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi." Mo ti kí i tán kí n tó rántí pé ó ti kú. Èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i.

"Òo, Àwẹ̀ró." Kò gbójú sókè. "Wá bá mi di etí bẹ́líìtì yìí mú."

Inú bí mi. Ẹ gbọ́ ná! Ọdún kan gbáko ni mo ti ń retí pé kó wá bá mi lójú oorun. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè é. Mo fẹ́ bi í bóyá ó pẹ́ kó tó sùn lọ sínú òtútù yẹn, bóyá ó pe orúkọ ẹnì kankan nínú wa. Àfi iṣẹ́ ló tún gbé wá bá mi!

"Ṣé ẹ ò ní bèèrè àlàáfíà ni?" mo ní. "Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìyá wa ò jẹun dáadáa mọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ?"

"Mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. "Dì í mú."

Mo dì í mú. Rọ́bà gbọọrọ ni bẹ́líìtì náà, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ katapílà. Bí yìnyín bá jìn, táyà lásán á kàn máa gbẹ́lẹ̀ fún ara rẹ̀ ni. Bẹ́líìtì ló máa ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tẹ́ kó lè gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Bàbá Fátóyìnbó pàápàá mọ̀ ọ́n.

Bàbá Fátóyìnbó ni ọ̀gá wa. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, òun ló mú ẹ̀gbọ́n mi wọṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló sì mú èmi náà wọ̀ ọ́. Oúnjẹ àti oògùn la máa ń gbé lọ fún àwọn tó ń gbé òdìkejì adágún. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí yìnyín ńlá bọ́, Bọ̀ọ̀dá mi ní òun fẹ́ de bẹ́líìtì mọ́ Kọ̀ǹkọ̀ kóun tó lọ. Iṣẹ́ yẹn máa ń gba gbogbo àárọ̀. Bàbá ní, "Gbádégẹṣin, táyà tó. Àbí o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ?" Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń pariwo nídìí bọ́ọ̀lù títí aládùúgbò á fi kan ògiri, ló dọ̀bálẹ̀ yẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Kọ̀ǹkọ̀ rì dé ikùn lójú ọ̀nà, táyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń yí lórí òfo. Ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn padà, kò sì délé.

Nígbà tá a ń sin ín, ta ló gba máìkì? Bàbá Fátóyìnbó ni! Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣé Ọlọ́run ló ní kí wọ́n má de bẹ́líìtì? Àwọn ará ilé ń pè mí láti Ìgbájọ pé kí n má bá a fà á, pé àgbà ni. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, orí ọmọ wọ́, àgbà sì jókòó síbẹ̀, ó ń mu tíì.

Ní àná, yìnyín tún bọ́, ó jìn ju ti èṣí lọ. Bàbá ní èmi ni màá wa Kọ̀ǹkọ̀ lọ láàárọ̀. Mo ní ká de bẹ́líìtì. Ó ní, "Táyà tó, Àwẹ̀ró." Kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba kọ́kọ́rọ́, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ìbínú yẹn ni mo gbé sùn.

Lójú àlá náà, ẹ̀gbọ́n mi ti dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ti tẹ́ bẹ́líìtì sílẹ̀, ó sì ti wa Kọ̀ǹkọ̀ gun orí rẹ̀. A fa etí rẹ̀ gba orí àwọn táyà kó lè pàdé etí kejì. Ó wúwo, ó sì fẹ́ yọ̀ padà. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi dì í mú. Píìnì irin tí wọ́n fi ń so etí méjèèjì pọ̀ wà lọ́wọ́ òsì mi.

"Fún mi ní píìnì," ló wí, ó sì na ọwọ́.

Ọwọ́ mi kò lọ. Báwo ni màá ṣe fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ẹ̀gbọ́n mi? Mo fi bẹ́líìtì sílẹ̀ kí n lè pààrọ̀ ọwọ́. Ó yọ̀ kúrò lórí gbogbo táyà, ó ṣubú sínú yìnyín gbì, adìyẹ fò sórí kànga.

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Yìnyín wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rò pé á bínú, àmọ́ ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó máa ń rín ló rín.

"Kí ló dé tó o fi jù ú sílẹ̀?"

"Ọwọ́ òsì ni píìnì wà, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin sì lẹ̀gbọ́n."

"Àwẹ̀ró. Bí ọ̀tún bá di ohun tí kò gbọdọ̀ bọ́ mú, òsì ni kó o fi fún mi." Ó gbọn yìnyín kúrò lára bẹ́líìtì. "Èmi náà ò fẹ́ rí àgbà fín lọ́jọ́sí. Wò ó bí mo ṣe tutù."

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ̀ fún un?" Mo ń pariwo, omi ń bọ́ lójú mi. "Ṣé 'rárá' ti di èébú ni?"

"Mo wí i," ló dáhùn jẹ́jẹ́. "Inú ni mo wí i sí."

A tún fà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ òsì ni mo fi fún un. Píìnì wọlé. Ó fi páǹpù fẹ́ táyà títí bẹ́líìtì fi le dáadáa, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ó ti dì." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Mo ní kó dúró kí n bu omi fún un, àmọ́ ibi tó kúnlẹ̀ sí ti di yìnyín lásán.

Mo jí. Mo di ọwọ́ ọ̀tún mi ní ìkúùkù, ó ti kú tipiri. Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹkọ̀ wà lórí tábìlì níbi tí mo fi í sí. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, mo wá dìde.

Àwọn bẹ́líìtì náà wà lára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì, eruku bò wọ́n. Mo já ọ̀kan sílẹ̀. Mo wọ́ ọ gba ojú yìnyín lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, níbi tí Bàbá Fátóyìnbó dúró sí pẹ̀lú ife tíì.

"Àwẹ̀ró, o ò tí ì lọ?"

Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ó wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ọwọ́ tí mo fi nà án. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èmi lò ń na ọwọ́ òsì sí?"

"Ọ̀tún ló di bẹ́líìtì mú, sà," ni mo wí, "n kò sì ní jù ú sílẹ̀."