Ọwọ́ Tí Bàbá Alábẹ Rí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Alábẹ fi ń gé bébà nílé ìtẹ̀wé yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo ẹ̀rọ ń jẹ etí rẹ̀, títí etí náà fi di pátápátá. Bí ààrá sán lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀! Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Nídìí abẹ, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré rárá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń rán ìwé pọ̀ lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀hún fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá òun. Ọ̀gá ti kọ lẹ́tà ìdádúró, ọjọ́ Ẹtì ni yóò fà á lé e lọ́wọ́. Ẹ̀sùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí abẹ tó wálẹ̀, ẹni tó ń to bébà á ké pé, "Ọwọ́!" Gbogbo ẹni tó wà nítòsí á dáhùn pé, "Ó ti kúrò!" Bàbá Alábẹ á wá fa ọ̀pá. Ẹni tí kò gbọ́ ìdáhùn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ ti kúrò lóòótọ́?

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá," ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́, "ojú ni Bàbá fi ń ṣe é. Wọn kì í fa ọ̀pá yẹn láìwo ọwọ́ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá dúró ti ẹ̀rọ, ẹ wò wọ́n."

Ọ̀gá kọ etí ikún sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ń gba etí ọ̀tún wọlé, ó ń gba tòsì jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí òṣìṣẹ́ kan bá hanrun lẹ́nu iṣẹ́, láti ọ́fíìsì lọ́hùn-ún ni Ọ̀gá ti máa gbọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́ òsì. Ó rí i pé bébà kan wọ́ lábẹ́ abẹ. Ọ̀gá kì í rí nǹkan kó má tọ́ ọ, ló bá ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń to bébà ti kẹ́yìn sí i, ó ń gbé ìdì mìíràn.

"Ọwọ́!" ló ké, bó ṣe máa ń ké.

"Ó ti kúrò!" ni gbogbo ilé dáhùn. Ohùn Ọ̀gá ló sì ròkè jù. Inú ilé ìtẹ̀wé yẹn ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ ti mọ ìdáhùn náà kó tó mọ̀wé kà.

Bàbá Alábẹ ò fa ọ̀pá.

"Ẹ fà á!" Ọ̀gá jágbe. Bàbá ò mira. Ọ̀gá kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mò ń wí nìyí! Etí ti di, iṣẹ́ ti tán!"

Ọmọbìnrin náà wo ojú bàbá rẹ̀. Ojú náà ò sí lára ẹnu ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ lé ibi tí ojú náà ń wò títí dé abẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ìka sí ọwọ́ Ọ̀gá tó wà níbẹ̀.

Bàbá Alábẹ fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó rìn yí ẹ̀rọ ká, ó di ọrùn ọwọ́ Ọ̀gá mú, ó sì rọra fà á jáde, bí ìgbà téèyàn ń yọ ọwọ́ ọmọdé kúrò nínú ìkòkò.

"Ọmọ mi," ó fi ohùn ńlá ẹni tí kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́, "ìgbà yìí ló tó kúrò."

Lẹ́tà ti já bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Bàbá he é, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lára àpò ìwé náà, ó sì wo Ọ̀gá lójú. Ọ̀gá mi orí pé rárá, kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Bàbá bá tẹ́ lẹ́tà náà sórí bébà tó wà lábẹ́ abẹ, ó padà sídìí ọ̀pá.

Kò sẹ́ni tó ké. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé e. Omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú ọmọbìnrin náà bó ṣe na tirẹ̀. Bàbá Alábẹ wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, ó wá fa ọ̀pá.