Orúkọ Tí Bàbá Ń Pe Ọmọ Mi

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé Rayén délé láti ilé ìwòsàn ní Castro. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni, ìgbà tí òtútù kò tíì kúrò ní erékùṣù wa, ṣùgbọ́n tí igbó ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀bá ọ̀nà ti ń yọ òdòdó, tí àwọn àgùntàn sì ti ń bímọ. Eliseo ọkọ mi bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀, ó fi bò wá láti etí omi títí dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá rẹ̀, Baldomero, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí iyè bàbá ti ń rá. Ó lè gbé bàtà rẹ̀ sínú ààrò irin, kó wá máa bú ajá pé ó jí i gbé, bẹ́ẹ̀ ajá náà ti kú tipẹ́. Mo rò pé kò ní mọ ohun tí mo gbé dání. Ṣùgbọ́n ó ṣí etí aṣọ tí mo fi wé ọmọ, ó wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Clorinda," ló wí. "Clorinda mi, o ṣì wà."

"Bàbá, Rayén lorúkọ ẹ̀," Eliseo dáhùn. "Ọmọ mi ni. Ọmọ-ọmọ yín."

Bàbá kò gbọ́ tirẹ̀. Otilia, ìyá ọkọ mi, wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù omi gbígbóná lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn àgùntàn. Ibẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Ó pẹ́ kó tó wọlé padà, nígbà tó sì wọlé, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo bi Eliseo pé ta ló ń jẹ́ Clorinda. Ó ní òun ò mọ̀, bóyá àbúrò bàbá kan tó ti kú ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja lójú òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló máa ń lò níbẹ̀ kó tó wálé. Ó wá ku èmi, ọmọ, àti àwọn àgbà méjèèjì.

N kò ní purọ́, bàbá ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo nǹkan ló ti gbàgbé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọmọ títọ́. Yóò jókòó ti ààrò, yóò máa yí ìlédìí tí a sá sórí irin padà kó lè gbẹ dáadáa. Bí ọmọ bá ké, yóò fi ìka rẹ̀ tó le bí èèpo igi ra á nípàkọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi dákẹ́. Tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, kó tó fẹnu kan tíì mate rẹ̀ rárá, ìbéèrè kan náà ni:

"Ṣé ikọ́ náà ti lọ?"

"Kò húkọ́, Bàbá. Ara ẹ̀ le."

"O ṣeun." Ẹ̀rín yóò gba ojú rẹ̀. "Kí ọkọ̀ máa lọ. Mi ò bá wọn lọ mọ́."

"Ọkọ̀ wo, Bàbá?"

"Ọkọ̀ àwọn tó ń lọ rẹ́ irun àgùntàn ní gúúsù. Kí wọ́n máa lọ. Àbí èmi nìkan ló mọ irun àgùntàn rẹ́ ni?"

Ìgbàkigbà tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyá yóò dìde. Yóò rántí pé igi ìdáná kò tó, tàbí pé adìyẹ ń pariwo. Mo rò pé àárẹ̀ ló mú un. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ tí iyè rẹ̀ ti rá kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń tọ́ ọmọ tí kò ní dàgbà.

Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun ọ̀sán, bàbá gé díẹ̀ lára àkàrà ọ̀dùnkún rẹ̀, ó yà á sọ́tọ̀. Ó ní ti Clorinda nìyẹn, tó bá ti hu eyín. Ìyá ju ṣíbí sílẹ̀.

"Clorinda ti kú, Baldomero." Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, n kò gbọ́ ọ kó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí, "ẹ̀yin" ló sì máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. "Ó ti kú. Èmi ni mo sin ín. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

Bàbá wò ó. "Nígbà wo?" ló bi í. "Nígbà wo ló kú? Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí?" Ó bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó gbé e mọ́ra, ó ń sunkún ọmọ tó rò pé òun gbé dání. Ó sunkún títí ó fi sùn lọ lórí àga. Nígbà tó jí, ó wo apẹ̀rẹ̀ tí Rayén wà, ó ní, "Ṣé ikọ́ náà ti lọ?"

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jọ ń ṣa ọ̀dùnkún tí a fẹ́ gbìn. Kò gbójú sókè tó fi sọ ọ́ fún mi. Clorinda ni àkọ́bí wọn, ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí Eliseo.

"Ó ṣì ń mu ọmú," ìyá wí. "Irú àkókò yìí gan-an ni. Òdòdó ti ń yọ, a rò pé òtútù ti tán. Ọmọ ń húkọ́. Mo ní kó dúró de ọkọ̀ tó máa tẹ̀lé èyí. Ó ní ikọ́ kì í pa ọmọ, pé tí ọkọ̀ yẹn bá fi òun sílẹ̀, a ò ní rówó fi bo òrùlé ilé yìí kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Òótọ́ ló sọ nípa òrùlé."

"Ìgbà wo ló wá mọ̀ pé ó ti kú?"

"Ìgbà tó dé, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń tán lọ. Èmi àti bàbá ọkọ mi la gbé ọmọ lọ sí itẹ́ òkú òdìkejì omi. Orí itan mi ni pósí wà nínú ọkọ̀. Òun wá ra bàtà bọ̀ fún un, bàtà ọmọ tó fẹ́ máa rìn. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo jù ú síná lójú ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ò pe orúkọ yẹn mọ́ nínú ilé yìí."

"Ìyá, ṣé ẹ ti wá dárí jì í?"

Ó mú ọ̀dùnkún kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé ó ti jẹrà. "Mo dáná fún un. Mo bí Eliseo fún un. Kò bi mí léèrè rí."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá tún béèrè. Kí n tó lanu, ìyá ti dáhùn láti ìdí ààrò.

"Ikọ́ ti lọ, Bàbá. Ó sùn dáadáa."

"Mi ò lọ mọ́ nìyẹn."

"Ṣé lóòótọ́ lẹ ò lọ?"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ, tí ara ọmọ mi ò yá?"

Ìyá yíjú sí fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń dáhùn. Yóò fi àgùntàn sílẹ̀, yóò sáré wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ìbéèrè náà má bàa kọjá òun. Nígbà mìíràn, òun gan-an ló ń ta á jí: "Ẹ ò tíì béèrè ikọ́ o." Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé Clorinda rẹ́rìn-ín lónìí, pé Clorinda ti ń gbé orí dúró. Àwọn méjèèjì yóò máa wo ọmọ mi, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín.

Ara mi kò kọ́kọ́ gbà á. Ọjọ́ tí ìyá mi wá kí wa, ó fà mí sí kọ̀rọ̀. "Wọn kì í forúkọ òkú pe ọmọ tó wà láàyè," ló wí. "Sọ fún wọn, tàbí kí n bá ọ sọ ọ́." Inú Eliseo kò dùn nígbà tóun náà dé.

"Ẹ kó wá bá mi lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi ní Quellón," ó ní. "Yàrá mi kéré, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ mi ni wọ́n máa fi pè é níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni Clorinda," mo sọ fún un. "Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin. Kò pẹ́ láyé."

Ó jókòó. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n rí. Ìyá ń la igi lẹ́yìnkùlé, à ń gbọ́ ìró àáké. Ó jáde lọ bá a, ó gba àáké náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń la igi lọ títí igi fi tán nílẹ̀. Kò dárúkọ Quellón mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó padà síbi iṣẹ́ ni Rayén bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lóòótọ́. Láàárọ̀ ó dà bí ikọ́ lásán. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìhà rẹ̀ ń wọ inú bó ṣe ń mí, kò sì gba ọmú mọ́. Ìjì ń jà. Mo ní kí a jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá wé ọmọ mọ́ mi láyà, ó lọ kanlẹ̀kùn Nolberto, aládùúgbò wa tó ní ọkọ̀ ojú omi.

"Òkun ń ru, Ìyá," Nolberto wí.

"Mo rí i. Bá wa tú okùn."

Kí a tó dé etí omi, bàbá ti jókòó sínú ọkọ̀, kò sì gbà kí a mú òun sọ̀ kalẹ̀. Omi ń ta sí wa lára. Ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti etí omi wa títí dé Castro. Kò béèrè ikọ́. Ó kàn ń sọ ọ́ léraléra pé, "Mo wà níbí." Ìyá gbé orí lé orúnkún, èjìká rẹ̀ ń mì.

Dókítà gba ọmọ dúró. Wọ́n fi ọ̀pá afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n ní èémí rẹ̀ ti fẹ́ pin, pé ó dára tí a kò dúró. Èmi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá àti bàbá wà nílé àǹtí mi nínú ìlú. Ara Rayén ń yá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹtí mi sọ fún mi pé bàbá kò sùn, pé láti yàrá dé yàrá ló ń wá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, pé ó ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n mú òun lọ sílé.

Nígbà tí a délé, oòrùn ti yọ. Bàbá wo inú ilé bí àlejò, ó jókòó sétí àga. Mo gbé ọmọ lọ síwájú rẹ̀.

"Ọmọ tó rẹwà," ó wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ọmọ ta ni?"

Ìyá kúnlẹ̀ tì í. "Clorinda ni. Ikọ́ ẹ̀ ti lọ."

"Ẹ kú ewu ọmọ o," bàbá dá a lóhùn. "Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ yín."

Ní àràárọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá yóò fi mate sí i lọ́wọ́, yóò dúró. "Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ bi mí?" Bàbá yóò wojú rẹ̀, yóò ní kò sí, yóò dúpẹ́. Nígbà tó ṣe, kò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló kú, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Eliseo ń bá a fá irùngbọ̀n.

A gbé e lọ sí itẹ́ òkú òdìkejì omi. Àgbélébùú Clorinda ti jẹrà tipẹ́, kò sí àmì kankan nílẹ̀ mọ́. Ìyá rìn lọ rìn bọ̀ nínú koríko, ó tọ́ka, ó ní agbègbè ibẹ̀ ni. Ibẹ̀ la sin bàbá sí.

Nígbà tí àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án parí, tí àwọn èèyàn tú ká, a lọ ro oko ọ̀dùnkún tí koríko ti bò. Rayén wà lórí awọ àgùntàn lábẹ́ igi. Ìyá ń roko, ó dúró.

"Nígbà tó lọ lákọ̀ọ́kọ́," ó wí, "mo bínú sí i. Ìbínú yẹn ni mo fi ń dìde láàárọ̀. Ní báyìí, mi ò rí ẹni tí màá bínú sí."

Ebi ti ń pa ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òun ló sún mọ́ ọn jù. Ó gbé e wá fún mi kí n fún un lọ́mú, ó gbọn erùpẹ̀ ara aṣọ rẹ̀ dànù, ó padà sídìí ebè. Ó ń roko lọ títí ilẹ̀ fi ṣú.