Àmì Funfun Lára Kẹ̀kẹ́ Irin

Àgádágodo já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Girísì, ó dún gbàgà lórí símẹ́ńtì, obìnrin náà sì ta gìrì bí ẹni pé ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ ló pè é.

"Ẹ rọra o," ni Wáyà wí lẹ́yìn rẹ̀. Oníná ilé-iṣẹ́ ni, ó ga, ó sì tín-ín-rín bí orúkọ tí wọ́n fún un. "N kò tíì fún un níná. Òkú ni. Òkú kì í buni jẹ."

Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n dúró sí. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú sí ògiri, ó ń wo súìṣì bí ẹni tí kò rí súìṣì rí.

Ìyá Girísì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àgádágodo náà, ó tú ẹ̀wọ̀n kúrò lára ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́jọ ni ẹ̀wọ̀n yẹn ti wà níbẹ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ tí òòlù ẹ̀rọ tó ń gé páálí yìí já lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ọ̀gá Ìwọ̀n ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pe ọkùnrin náà, nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n, títí kan búrẹ́dì tó bá fẹ́ pín fún èèyàn méjì. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ìwòsàn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi lọ.

Lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀rọ náà yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ búréèkì rẹ̀ tó gbó. Búréèkì yẹn ni ìwé ìwádìí dẹ́bi fún, òun àti "àìṣọ́ra olóògbé." Ohun tó kù kò ju kí Ìyá Girísì, tó ń tún gbogbo ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn náà ṣe, yẹ̀ ẹ́ wò kó sì buwọ́ lùwé. Ẹni tí yóò sì dúró ti ẹ̀rọ náà kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlélógún tí bàbá rẹ̀ máa ń pè ní Ìyá Mi, nítorí pé ó jọ ìyá tó bí ọkùnrin náà bí ìgbà tí wọ́n là wọ́n láti ara igi kan. Òun ló bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

"Àǹtí, ibi tí Bàbá mi dúró ni mo fẹ́ dúró," ló wí lọ́jọ́ tó wá bẹ̀bẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ṣòro láti wo irú ojú bẹ́ẹ̀.

"Máníjà ní kí n béèrè bóyá ẹ ti buwọ́ lùwé," ni Wáyà wí.

"Mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ yí i."

"Fọwọ́ yí i? Kẹ̀kẹ́ tó wúwo bí ọ̀rọ̀ àna yìí?"

"Ìwọ lo máa di búréèkì mú fún mi. Bí mo bá ní tú, kó o tú. Bí mo bá ní dì í, kó o dì í."

"Búréèkì tuntun mà ni. Èmi fúnra mi ni mo so wáyà rẹ̀. Kí lẹ wá ń wá?"

Ìyá Girísì tẹjú mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó mọ ohun tó ń wá, ó sì ń gbàdúrà kí òun má rí i.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòroó yé. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan ń yí lókè. Irin kan tó ṣẹ́ bí ìgúnpá wà láàárín rẹ̀, irin gígùn mìíràn sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ bí apá, ó di òòlù mú. Òòlù náà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó wúwo bíi màlúù méjì, abẹ ló sì tò sí abẹ́ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń yí, òòlù ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, páálí ń di àpótí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé. Ó di apá rẹ̀ mú, ó ń ká a, ó ń nà án.

"Wò ó, àbúrò. Ohun tó ń yí po lókè ló ń di ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi méjì wà, òkè pátápátá àti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ìgúnpá àti apá máa ń bọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo. Tí òòlù bá wà níbẹ̀, bó o fà á, bó o tì í títí di ọ̀la, kẹ̀kẹ́ ò ní yí. Kò mọ ibi tí yóò yí sí ni."

Nítorí náà ni wọ́n ṣe kun àmì funfun sí etí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì fi eyín irin pupa kan sára ẹ̀rọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí páálí bá há, wọn yóò yí kẹ̀kẹ́ títí funfun yóò fi ko pupa, wọn yóò paná, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yóò wá ki orí bọ abẹ́ òòlù láti fa páálí náà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti wà. Wọn kì í wá igi tì í. "Búréèkì lè gbàgbé," ni Ọ̀gá Ìwọ̀n máa ń wí. "Òkè gan-an kì í gbàgbé."

Ohun tí kò sí nínú ìwé ìwádìí nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìjàǹbá náà, Ìyá Girísì fi kẹrosíìnì fọ girísì tó dì sára kẹ̀kẹ́, ọ̀dà funfun sì bá a lọ. Ó ní láti ṣe àmì tuntun. Ó yí kẹ̀kẹ́ títí ojú rẹ̀ fi rí i pé òòlù kò gòkè mọ́, ó sì kun ọ̀dà síbẹ̀. Fèrè ìparí iṣẹ́ ti dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń de bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà.

"O wọ̀n ọ́n?"

"Mo wọ̀n ọ́n."

Ó mi orí bí ẹni tó gbà, ó bọ́ síta. Kò sídìí tí yóò fi tún béèrè. Àbúrò rẹ̀ kò purọ́ fún un rí.

Láti ìgbà náà, kò sí òru kan tí kò fi ojú inú wo àmì yẹn. Ó ṣeé ṣe kó tọ̀nà. Ojú a máa ríran dáadáa nígbà mìíràn. Ẹ̀wọ̀n wà lára ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n náà.

"Tú u," ló wí.

Wáyà gbé ọ̀pá búréèkì. Ìyá Girísì fi èjìká ti kẹ̀kẹ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, lẹ́yìn náà ló kérora, ó sì gbéra díẹ̀díẹ̀. Òòlù ń gòkè. Òórùn girísì àtijọ́ jáde láti inú rẹ̀, òórùn aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an.

"Dì í."

Ó gbé igi kan tó nípọn bí itan. Ó ní láti tì í sábẹ́ òòlù. Ọwọ́ rẹ̀ dé etí abẹ, ó dúró. Ó fà á padà. Òógùn ń ṣàn sí i lójú, bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn náà tutù.

"Ṣé kí n bá yín tì í?"

"Ṣáà di búréèkì rẹ mú."

Ó di ojú, ó ti igi náà wọlé, ó sì fa ọwọ́ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Igi náà wọlé ṣinṣin, orí rẹ̀ ń kan òòlù. Ó mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ewé, ó fa ìlà kan sára kẹ̀kẹ́ níbi tó ko eyín pupa.

Bó ṣe yẹ kó ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ yẹn nìyí. Bí òòlù bá ti ń súnmọ́ òkè, ó máa ń lọ́ra bí ẹni tó ń ronú. Kẹ̀kẹ́ á yí tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, òòlù kò ní tíì gbéra tó irun kan. Ojú kò lè mọ ibi tó ti dúró. Ìsàlẹ̀ níbi tó ti ń yára ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n: ibi tó ti fi igi sílẹ̀ nígbà tó ń gòkè, àti ibi tó ti tún kan igi náà nígbà tó ń bọ̀. Àárín méjèèjì gan-an ni òkè.

"Tú u."

Ó tún fi èjìká tì í. Kẹ̀kẹ́ wúwo, ó wúwo, lójijì ó fúyẹ́. Ó fẹ́ já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òòlù ti ré òkè kọjá, ìwúwo rẹ̀ ló ń fa kẹ̀kẹ́ lọ báyìí. Ó kígbe, "Dì í! Dì í!" Wáyà jábọ́ lé ọ̀pá náà. Kẹ̀kẹ́ dúró.

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan igi. Ó fa ìlà kejì. Ó na okùn láti ìlà kìíní dé ìkejì, ó ká a sí méjì, ó sì fi wá àárín ìlà méjèèjì lára kẹ̀kẹ́.

Kò bọ́ sórí funfun.

Ìka mẹ́rin ló fi jìnnà sí i. Ó tún wọ̀n ọ́n. Ìka mẹ́rin. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sójú òkè gan-an.

Wọ́n yí ṣọ́ọ̀kì náà wá ko pupa, Wáyà tú búréèkì. Òòlù dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n yí funfun wá ko pupa, ó tú búréèkì. Òòlù dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹni tó ń tanni, lẹ́yìn náà ló yọ̀, gbì, lé igi lórí.

"Ẹ wo nǹkan!" Wáyà fò sẹ́yìn. "Àmì yìí ń purọ́ fún wa! Òpònú wo ló kun eléyìí?"

Ìyá Girísì ń wo igi náà. Abẹ ti wọ inú rẹ̀.

"Ẹ nù ún kúrò kí Máníjà tó dé," ni Wáyà ń wí. Ó ti ki àkísà sínú kẹrosíìnì, ó fi í lé e lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ọ̀dà. Ká kun tuntun, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ó sáré jáde. Ìyá Girísì nìkan ló kù, pẹ̀lú àkísà tó ń kán sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò fọwọ́ nù ún. Irọ́ ti ń rìn bọ̀ láti oṣù mẹ́jọ, ó sì wá dé ibi tó lè gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ pátápátá. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Àǹtí."

Ìyá Mi ló dúró sẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló wọ̀, ó ká apá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wo kẹ̀kẹ́. Ó wo àmì méjèèjì.

"Èwo ni kí n máa tẹ̀lé?"

"Èyí tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà."

"Èyí tó funfun ńkọ́?"

"Kò tọ̀nà."

"Ta ló kùn ún?"

Kẹrosíìnì ń ṣàn wọ inú apá aṣọ rẹ̀, ó tutù dé ìgúnpá.

"Èmi ni. Ó ku ọ̀la kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ bi mí bóyá mo wọ̀n ọ́n. Mo ní mo wọ̀n ọ́n."

"Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?"

"N kò wọ̀n ọ́n."

Ọmọ náà súnmọ́ kẹ̀kẹ́. Ó na ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàárín ọ̀dà àti ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n gba ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Bàbá mi ò ṣọ́ra."

"Bàbá rẹ ṣọ́ra. Èmi ló gbà gbọ́."

Wáyà wọlé pẹ̀lú agolo ọ̀dà. Ó rí ojú wọn, ó sì rọra gbé agolo náà sílẹ̀. Ìwé wà lórí tábìlì, bíírò wà lórí rẹ̀. Ìyá Girísì mọ ohun tí òun yóò kọ síbẹ̀, àti pé lẹ́yìn tí òun bá kọ ọ́, ó lè má sí ẹni tí yóò tún fi ẹ̀rọ lé òun lọ́wọ́. Ìyẹn kò bà á lẹ́rù tó ojú gbígbẹ ọmọ yìí.

Ìyá Mi na ọwọ́. Àǹtí rẹ̀ rò pé àkísà ló fẹ́ gbà. Okùn ni.

"Ẹ fi hàn mí," ni ọmọ náà wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Wáyà gbé ọ̀pá búréèkì. Àwọn méjèèjì fi èjìká ti kẹ̀kẹ́, òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń lọ́ra, ó ń lọ́ra. Ìyá Girísì yíjú wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ó sì ń wá a níbẹ̀: ìbínú ni, àbí ìdáríjì, ọ̀tún ni yóò yí sí, àbí òsì? Ojú náà dúró gbagidi. Ó túbọ̀ tẹjú mọ́ ọn, ó sì ti fẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti rí i, nígbà tó mọ̀ pé òun tún ń fojú lásán wọ̀n nǹkan.

Ó gbé ojú kúrò lára ọmọ náà, ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí igi wà, ó sì ń dúró.