Ìdérí Kànga Mẹ́ta

“Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kọnkéré gidi yóò bo kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àdúgbò yìí. Ọmọ-ọmọ yín yóò dúró lórí rẹ̀ fa omi.”

Káńsẹ́lọ̀ Kọ́lápọ̀ ló sọ ọ́, ní Múṣin, ní òpin ọdún 1955, lórí àga tí ìyá mi yá a. Ó mọ ìdí tí a fi pàtẹ́wọ́. Lóṣù tó ṣáájú, ọmọ Fàósátù, aládùúgbò wa, já sínú kànga ilé wọn. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. A dìbò fún káńsẹ́lọ̀.

Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, méjì fún kànga kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, Múrítàlá, akọ̀wé káńsẹ́lọ̀, kó méjì péré wá. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ kí ó kárí kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì kọ orúkọ ọ̀gá sára ìdérí kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Àkàngbé, ni bíríkìlà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn gboyè dé ni mo ń ka garawa fún wọn. Wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún Múrítàlá pé ilẹ̀ yàrá, tí erùpẹ̀ gbé ró, lè gba garawa sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta àti òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Ìdérí kànga kò ní ohun tó gbé e ró láàárín. Ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin ni tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá irin nínú rẹ̀, omi rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pọ̀.

“Bàbá, ẹ ṣáà bu yanrìn sí i,” ni Múrítàlá wí. “Bó bá ti gbẹ tán, ta ni yóò mọ̀?”

“Ẹni tó bá jìn sí i ni yóò mọ̀.”

Mo ṣírò ohun tí ó ń béèrè sórí ìwé: ọ̀kan sí mẹ́fà sí méjìlá. Mo nà án sí i. Kò wò ó.

Nígbà náà ni Bàbá Àkàngbé yíjú sí ìyá mi. Sìmẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀ kò lè bò ju kànga kan lọ, àbúrò wọn sì ni ìyá mi, tí kànga ilé rẹ̀ wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bo ti Fàósátù,” ni ìyá mi wí. “Èmi ní páànù.”

A wọ̀n ọ́n ní garawa, orí rẹ̀ tẹ́jú. A kọ́kọ́ pò ó ní gbígbẹ, kí a tó bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dà á tán, Múrítàlá ní kí èmi tí mo mọ̀wé wá kọ orúkọ ọ̀gá. Mo mú ìṣó, mo kọ ọ́ síbẹ̀: 1–2–4. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Ọjọ́ méje ni a fi àpò tútù bò ó, kí ó má baà yára gbẹ kí ó sì sán.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta. Páànù wà lórí kànga ìyá mi, òkúta kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti ilé kẹta wà ní ṣíṣí.

Kànga mẹ́ta ni káńsẹ́lọ̀ ṣèlérí. Ọ̀kan ni a bò.