Omi Tí Jùmọ̀kẹ́ Fún Ọkọ Rẹ̀

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá Akíntọ́lá, ará ìjọ wa, ni mò ń bá wí. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ló wá kí wa ní Àgọ́-Àrẹ, níbi tí mo ti wá dúró ti Jùmọ̀kẹ́ àbúrò mi, pé a kú ọ̀fọ̀ Mákánjúọlá ọkọ rẹ̀. Ó jókòó, ó jẹun, ó nu ẹnu, ó wá yíjú sí Jùmọ̀kẹ́.

"Ìyá Ìyanu, ṣé kò sí omi lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn ni? Ṣé o ò mọ̀ pé bí ikú bá ti fẹ́ dé, ẹnikẹ́ni ló lè da omi séèyàn lórí, kó ṣèrìbọmi fún un?"

Láti ìgbà náà ni Jùmọ̀kẹ́ ò ti jẹun mọ́.

Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí èmi àti Jùmọ̀kẹ́ sí, àmọ́ Mákánjúọlá ò ka ẹ̀sìn kan sí títí ó fi fẹ́ àbúrò mi. Nígbà tó wá gbà, ó gbà tọkàntọkàn. Gbogbo ọdún tó kọjá ló fi ń lọ kíláàsì ìrìbọmi. Á ti oko dé, á fọ ẹsẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Alẹ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n dá fún ìrìbọmi rẹ̀. Ọjọ́ Tusidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni paramọ́lẹ̀ bù ú ṣán níbi tó ti ń kọ ebè.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣakí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e bọ̀ lórí ọ̀kadà, Jùmọ̀kẹ́ jókòó sẹ́yìn, ó dì í mú. Ó ra omi inú ọ̀rá lójú ọ̀nà, ó já a, ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ mi kí ó tó kú. Omi tí Ìyá Akíntọ́lá ń béèrè nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi wà lọ́wọ́ mi," ni Jùmọ̀kẹ́ ń sọ fún mi láàárọ̀, lọ́sàn-án. "Omi wà lọ́wọ́ mi, mi ò dà á sí i lórí. Èmi ni mo jẹ́ kó ṣègbé."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, kò gbọ́. Nígbà tí omi ọyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí Ìyanuolúwa ń fa ọmú tí kò rí nǹkan mu, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ bá Fadá Ọlátúnjí.

Èmi àti Fadá yìí ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé ìjọ àtijọ́ ló kà títí tó fi dàgbà. Bó bá ti ń wàásù, tó ní "àwọn baba wa ìgbàanì sọ pé," kí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná ti mọ̀ pé ọbẹ̀ jó. Mo sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀.

"Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìwé wá o. Ebi ń pa ọmọ nílé."

Kò gbé ìwé wá, àmọ́ kò lè ṣe kó má sọ ọ́. Ó jókòó lórí àpótí níwájú Jùmọ̀kẹ́.

"Ìyá Ìyanu, ọba ọ̀dọ́ kan jẹ nílẹ̀ Róòmù láyé àtijọ́. Ó ránṣẹ́ pe bíṣọ́ọ̀bù kan pé kó wá ṣèrìbọmi fún òun. Kí bíṣọ́ọ̀bù tó dé, ọba ti kú. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ń sunkún bí ẹ ṣe ń sunkún yìí. Bíṣọ́ọ̀bù wá dìde níbi ìsìnkú, ó tù wọ́n nínú pé ohun tí ọba ń fẹ́, tó sì béèrè, Ọlọ́run ti fún un."

Jùmọ̀kẹ́ gbójú sókè. "Fadá, ọba nìyẹn. Ta ni kò ní sọ ọ̀rọ̀ dídùn níbi òkú ọba? Àgbẹ̀ ni ọkọ mi."

Inú mi dùn. Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran, àbúrò mi sì ń ríran síbẹ̀. Fadá fọwọ́ nu ojú. Ó wá bi í pé, "Kí ni òun náà sọ lórí ọ̀kadà?"

"Kò sọ nǹkan gidi, Fadá. Ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu."

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ó ní ṣé Sátidé ti dé. Mo ní rárá, Tusidé la wà. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ dúró de òun, kí ẹ má tíì ṣe é fún àwọn yòókù tán kí òun tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

Kò sọ èyí fún mi rí. Mo wo Fadá, omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Ó béèrè," ó ní. "Ìyá Ìyanu, ọkọ yín béèrè. Kí lẹ tún ń wá? Omi yẹn ńkọ́, ta ló ní ẹ fi ṣòfò? Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ fún un mu. Ṣebí Jésù fúnra rẹ̀ ló ní òun la fún."

Jùmọ̀kẹ́ mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní kí n gbé ọmọ fún òun. Ó béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, ó mu ún, ó tún ní kí n bu òmíràn wá. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Fadá dárúkọ Mákánjúọlá níbi Mísà, pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ tó ti sùn. Nírọ̀lẹ́, mo rí àbúrò mi lẹ́yìnkùlé níbi tí a sin ọkọ rẹ̀ sí, ó pọn ọmọ, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Láti ọjọ́ tí Ìyá Akíntọ́lá ti sọ̀rọ̀ yẹn ni kò ti lè bínú sí ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò bá ẹni tó rò pé ó wà nínú iná jà? Mo rò pé ẹkún tún ti dé, mo sún mọ́ ọn.

"Bàbá Ìyanu," ló ń wí, ohùn rẹ̀ ti ròkè, "ṣebí mo ní kí ẹ wọ bàtà rọ́bà lọ sóko? Ẹ ò gbọ́ tèmi rí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò gbọ́ tèmi rí."

Mo rọra padà sínú ilé, mo jẹ́ kí tọkọtaya máa bá ìjà wọn lọ.