Gàrí Alátalẹ̀

Ohun tí Tèmilọlá fẹ́ kò le lójú tirẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ará Igangan tọ́ gàrí òun wò, kí wọ́n sì sọ òótọ́ fún òun. Ta ló rán an?

Gàrí náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Tèmilọlá ló ni orúkọ tó wà lára ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Mùnírátù, Màmá Làtíífàt, ló ni ilé iṣẹ́ tó ń yan án l'Ígangan. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ń dán wò báyìí jẹ́ tuntun: gàrí tí a po atalẹ̀ mọ́ kó tó wọ agbada. Tèmilọlá ló ronú kàn án. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn ń fi atalẹ̀ sí tíì, wọ́n ń fi sí zóbò, kí ló dé tí kò ní sí nínú gàrí? Mùnírátù yan án bó ṣe wí. Èéfín rẹ̀ mú gbogbo ilé iṣẹ́ sín, síbẹ̀ ó yan án tán.

Lọ́jọ́ ìtọ́wò, Tèmilọlá fúnra rẹ̀ ló rẹ gàrí náà sínú abọ́. Ó kúnlẹ̀ gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Mùjídàt àti àwọn obìnrin yòókù tó ń bó ẹ̀gẹ́, àti Bàbá Búrẹ́mọ̀, àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti oko. Ẹ gbà mí o, ọmọ tí ẹ kò bí, tó wọkọ̀ láti Ìbàdàn wá kúnlẹ̀ fún yín, ṣé ẹ ó là á mọ́ ọn lójú pé ohun tó gbé wá ń jó yín lọ́fun? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlejò níbí.

"Ó dùn gan-an, ọmọ mi," ni Bàbá Búrẹ́mọ̀ wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń ṣiṣẹ́ lára."

"Ó tún ń ta sánsán!" ni Mùjídàt fi kún un.

Tèmilọlá fa Mùnírátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá Làtíífàt, ẹ̀yin lẹ mọ gàrí. Bí ẹ bá ní kò tíì dáa, a ó tún un ṣe. Tiyín ni mo máa gbọ́. Ṣé kí n ní kí àwọn tó ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí Mùnírátù sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé atalẹ̀ ti pọ̀jù. Ṣùgbọ́n ó wo bí inú ọmọbìnrin náà ṣe ń dùn, ó sì rántí pé ilé iṣẹ́ gàrí wà ní Tápà náà, ìlú tó wà nítòsí, tí wọ́n lè ní ó dùn bí òun bá ní kò dùn, kí wọ́n sì gba iṣẹ́ náà mọ́ òun lọ́wọ́.

"Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti Mùnírátù kò tilẹ̀ dé Tápà.

Bí ọkọ̀ Tèmilọlá ṣe yọ lọ́gbà, wọ́n tú sílẹ̀. Mùjídàt sáré lọ fi omi ṣan ẹnu. Bàbá Búrẹ́mọ̀ da tirẹ̀ sílẹ̀ fún ewúrẹ́; ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín sọ. Mùnírátù, tó yẹ kó ṣe àgbà, ló wá kúnlẹ̀ tòun ti abọ́ òfìfo lọ́wọ́, tó ń sín Tèmilọlá jẹ: "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi o, ẹ jọ̀ọ́!" Ló bá tún yí ohùn padà di ti Bàbá Búrẹ́mọ̀: "Ó dùn, ọmọ mi! Ọ̀fun mi ti bó, ṣùgbọ́n ó dùn!"

Ó dúró de ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rín in.

Tèmilọlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì jìnnà tó fi rántí bí gàrí náà ṣe wu Bàbá Búrẹ́mọ̀ tó, ó sì padà wá láti fún un ní èyí tó kù. Ọ̀rá gàrí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú gba Mùnírátù tì. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, kò lè dìde, kò sì lè dúró bẹ́ẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, àmọ́ ikú kì í jẹ́ ìpè irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tèmilọlá kò pariwo; ì bá sàn kó pariwo. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Búrẹ́mọ̀, ó gbé ọ̀rá náà síwájú rẹ̀. Ìtìjú mú bàbá arúgbó náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi tú ọ̀rá, tó bu gàrí gbígbẹ sẹ́nu, tó ń rún un.

"Mo ń jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ṣé o rí i? Mo ń jẹ ẹ́."

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá." Ohùn Tèmilọlá ti wálẹ̀. "Mo ti pe àwọn tó ń tẹ ọ̀rá. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

"Tún wọn pè!" Mùnírátù fò dìde. "Ní kí wọ́n dúró. Atalẹ̀ ló pọ̀jù, ọmọ mi. Ká dín in kù sí ìdajì, yóò dáa. Wàláhì, yóò dáa. Ó ti yé mi láti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ yan án."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Tèmilọlá yọ fóònù rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni. Ó wo Mùnírátù bí ẹni ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kọjú sí arúgbó tí gàrí kún ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ yìí?"

Bàbá Búrẹ́mọ̀ gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Kó tó dáhùn, ó kọ́kọ́ wo ojú Mùnírátù, kó lè mọ èyí tí òun máa sọ.

Tèmilọlá sì rí i.