Ìdajì Orí ní Arakale

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Sherifat ló gbà mí nímọ̀ràn o. Èmi fúnra mi ni mo ro ó, lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Ọjà Ọba, níbi tí mo ti jókòó láti àárọ̀ tí ẹnì kankan ò wá dirun.

Ọdún tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí ni. Gbogbo nǹkan tẹ̀ lé e: gààrí, ìrẹsì, owó kẹ̀kẹ́. Irun tí à ń rà fi kún irun di ohun tí obìnrin ń wò kọjá. Àwọn kan gẹ orí wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ní ooru ló mú àwọn. Àwọn tó kù ra wíìgì kan ṣoṣo, wọ́n ń dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń dé e lọ sọ́jà, títí ó fi rí bí adìyẹ tí òjò pa. Èmi tí mo ti ń dirun ní Àkúrẹ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Oǹdó, mo wá di ẹni tó kàn ń jókòó, tó ń lé eṣinṣin.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Akíntóyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó, máa ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. "Monílọ́lá, máa bọ̀ nílé. Yàrá wà. Oko kòkó Bàbá ṣì wà níbẹ̀." Oore ló ń ṣe mí, mo mọ̀, àmọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ bíi pé ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́ máa ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan mo dá a lóhùn pé tí ọdún tuntun bá dé tí àga mi ṣì ṣófo, màá ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, màá sì padà sílé. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo kábàámọ̀ rẹ̀. N kì í yẹ àdéhùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Arakale kéde kánífà ìparí ọdún. Wọ́n máa dí títì lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ wá fi iṣẹ́ wọn han ìlú. Ọláfimíhàn, alága wọn, fún mi láyè lábẹ́ kánópì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sherifat tó ń tún fóònù ṣe.

Ọgbọ́n tí mo dá nìyí: màá di ìdajì orí lọ́fẹ̀ẹ́. Pàtẹ́wọ́ ni màá dì, irun tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí méjèèjì tó sì ń pàdé láàárín orí. Ẹni tó bá wá síbi kánífà, màá di apá ọ̀tún fún un. Tó bá fẹ́ apá òsì, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó mú owó ìdajì dání. Ta ni yóò máa fi orí tó dì lápá kan tó rí wúruwùru lápá kejì rìn láàárín ìlú?

"Màmá Wúrà, wọ́n á we gèlè bò ó," Sherifat ní.

"Títí dìgbà wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí fóònù tó ń tú.

Ọmọ mi kan ṣoṣo ni Wúrà. Ìdí POS ló ń jókòó sí ní Arakale, ó ń bá ẹnì kan ṣe é. Kì í bá mi dirun. Ọwọ́ òsì ló ń lò, láti kékeré. Mo nà án títí, mo so ọwọ́ náà mọ́ aṣọ rẹ̀, kò yí padà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni yóò jókòó kí ọmọdé fi ọwọ́ òsì di orí rẹ̀ mú? Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìyàwó pásítọ̀ kan dìde lórí àga, ó ní òun ò sanwó kí wọ́n wá fi òsì kan orí òun. Ọjọ́ yẹn ni mo ní kí Wúrà má fọwọ́ kan òòyà mi mọ́. Iṣẹ́ tó ń bọ́ àwa méjèèjì ni mò ń dáàbò bò. Ó gbé òòyà náà sílẹ̀, ó jáde, kò sì pẹ́ tó fi wá iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ kánífà, èrò wá débi pé wọ́n tò kọjá iwájú oníbúrẹ́dì. Gbohùngbohùn ń pariwo létí mi, orí ń fọ́ mi, àmọ́ inú mi dùn, n ò ní purọ́. Mo la irun, mo fi òróró pa á, mo dì í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni máa gba ẹ̀bùn. Bí mo bá ti dé àárín orí, màá gbá ẹni náà léjìká díẹ̀, màá ní, "Ó di Mọ́ńdè." Gbogbo wọn ló ń dáhùn pé, "Kò burú, Mà."

Wúrà gbé omi wá fún mi lọ́sàn-án. Ó dúró, ó ń wo àwọn orí tó ń lọ.

"Màmi, tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Padà sídìí iṣẹ́ rẹ," mo ní.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo nu dígí, mo to àga. Ẹnì kankan ò yọjú. Ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá. Obìnrin kan tí mo dirun fún ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, bó ṣe rí mi ló fa gèlè bo iwájú orí, ó sì gba ẹ̀yìn àwọn aláṣọ kọjá. Nígbà tí mo rojọ́ fún Sherifat, ó wo ilẹ̀, ó ní òun gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìgbà tí kò sówó, àwọn á kúkú tú u.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Kí wọ́n má wá, mo lè gbà á, ìlú le. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa tú iṣẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni ń tú èlùbọ́ dànù, ó ṣe mí bíi kí n sunkún, mo sì sunkún, nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn tán.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó láti lọ wo yàrá tí Bọ̀dá ń wí. N ò sọ ìdí tí mo fi ń lọ fún Wúrà. Àga ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, ọmọbìnrin kan sì wà níwájú mi gan-an. Gèlè ò sí lórí rẹ̀. Pàtẹ́wọ́ ló dì.

Mo mọ apá ọ̀tún. Bí èèyàn ṣe mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Apá òsì ni n ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìlà rẹ̀ tẹ̀ wá pàdé tèmi láàárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan bá èkejì rẹ̀ mu, kò sí èyí tó yẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń di pàtẹ́wọ́, apá òsì mi kò fìgbà kan gún tó apá ọ̀tún, torí ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń lò, mo sì máa ń fi òróró bo àbùkù náà. Kò sí àbùkù kankan láti bò lórí ọmọ yìí. Ẹni tó dì í, ọwọ́ òsì ló ń lò.

Mo fọwọ́ kàn án léjìká. "Ọmọ mi, ta ló bá ọ parí orí yìí?"

Ó yíjú, ó dá mi mọ̀, ojú tì í. Àánú lorúkọ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. A fẹ́ tú u ni. Àǹtí tó wà nídìí POS ló bẹ̀ wá pé ká má tú u. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn yín títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí orí wa. Ẹ̀yìnkùlé Àǹtí Sherifat ni wọ́n ti bá wa parí rẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀."

"Ṣé o rí ọwọ́ tó fi dì í?"

"Mo rí i, Mà." Ó fọwọ́ pa àárín orí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Oǹdó ti rí fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń béèrè ta ló dì í kí àwọn náà wá. N ò mọ ẹni tí màá dárúkọ, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ dì í."

Orí náà ni mò ń wò títí a fi dé Oǹdó.

Bọ̀dá ti gbá yàrá, ó ti ta aṣọ sí fèrèsé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọkàntọkàn ni. Mo ní kó jẹ́ kí àyè náà wà ná, n ò tíì lè wá. Ó wò mí títí, ó ní ṣé kò sí, mo ní kò sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àánú mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá láti Oǹdó. Mo fi í jókòó, mo sì ránṣẹ́ pe Wúrà nídìí POS. Ó wọlé, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí àlejò, ó rò pé mo fẹ́ bá òun jà nítorí ẹ̀yìnkùlé Sherifat. Mo na òòyà sí i.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún láti gbà á, bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Rárá," mo ní. "Ọwọ́ rẹ kejì."

Ó wo ojú mi kó lè mọ̀ bóyá mò ń fi òun ṣẹ̀sín. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó bọ́ sápá òsì ọmọ náà, èmi dúró lápá ọ̀tún, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí.